Láti Orí Igbá Gígán dé Orí Fáíbà: Bí A Ṣe Ń Tún Ara Ọkọ̀ Ṣe ní Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí ètò yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú bọ́ńpà tí ó sán àti bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó lu. Ìdáhùn mi kò gùn. Ohunkóhun tí àwọn ènìyàn wa bá ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì wà, olùkọ́ èdè ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ẹ ń gbọ́ wa ni ó ní ọkọ̀ tòkunbọ̀, owó oṣù kò sì tó ohun tí ènìyàn yóò máa fi ra ara ọkọ̀ tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn bá kọ lù ú. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ká mi lára jù, ni pé iṣẹ́ yìí lè ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí a bá ṣe é láìmọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń ṣe é lójú wa, púpọ̀ nínú wọn ni kò rí ẹni tí yóò ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wọn ní èdè tí ó yé wọn.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà. Ojú ọ̀nà yìí wà lára títì ńlá tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, òun sì ni ọ̀pọ̀ àjàgbé tí ń ti Èkó kó ẹrù lọ sí òkè Ọya ń gbà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ títì náà di oníbejì, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin. Apá ti àárín yìí ni ó falẹ̀ jù lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ kékeré àti àjàgbé fi ń du ojú títì àtijọ́ tóóró kan náà, tí òkúta ń ta lu iwájú ọkọ̀, tí kòtò ń gbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí onímọ́tò sì ń sá fún àjàgbé wọ inú igbó. Ẹni tí ó bá orí rẹ̀ bọ́ nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí bọ́ńpà nìkan sì fọ́, ọpẹ́ ni yóò dú.

Kí ènìyàn dúró ní ibùdókọ̀ ní Ọ̀wọ́dẹ ní ìlú Ọ̀yọ́, tàbí ní ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó máa wo iwájú àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí bọ́ńpà tí a fi wáyà rán bí ẹni rán aṣọ. Àwọn ènìyàn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rán bọ́ńpà yẹn ṣe, iṣẹ́ àtayébáyé ni. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún un: gán. Igbá ni à ń gán. Nígbà tí igbá bá sán, tí kò sì tíì fọ́ yángá, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gán yóò fi òòlu lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní àti ẹ̀gbẹ́ kejì ojú sísán náà, yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá nínú wọn, yóò sì fà á títí ẹnu méjèèjì yóò fi pàdé. Gbogbo wa ni a mọ Ọ̀yọ́ mọ igbá fínfín, tí àwọn àlejò ń wá rà ní Akẹ́sán. Ìlú tí ó mọ igbá í fín kò lè ṣàìmọ igbá í gán. Èrò kan náà ni ó wà lẹ́yìn bọ́ńpà tí a fi wáyà rán, bí ẹni tí ó rán an tilẹ̀ ti gbàgbé orúkọ iṣẹ́ náà, tí ó ń wí pé òun "dè é" ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ń lo igbá gígán mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó dára fún àgbàdo àti èlùbọ́. A kì í fi í pọn omi. Gbogbo ìwúwo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó gbé ara lé ihò wẹ́wẹ́ tí a lu wọ̀nyẹn, ihò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí sísán tuntun ti lè bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti bọ́ńpà. Ẹ wo èyí tí wọ́n rán ní ọdún tó kọjá: ìlà sísán kejì ti yọ láti ẹnu ihò wáyà. Ohun tí iṣẹ́ fáíbà ṣe ni pé ó gba èrò igbá gígán, ó sì mú àbùkù ihò kúrò nínú rẹ̀. Dípò okùn méjì mẹ́ta tí ó gba inú ihò kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn tín-ínrín ni yóò sùn lórí ojú sísán náà, tí oje kan yóò sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, tí ìwúwo yóò fi tàn ká gbogbo ojú ibẹ̀.

Kí ni a ń pè ní fáíbà gan-an? Dígí ni, ìbátan èyí tí a fi ń ṣe fèrèsé, tí wọ́n yọ́ nínú iná, tí wọ́n sì fà bí òwú títí ó fi tín-ínrín ju irun orí lọ. Wọ́n lè gé òwú dígí yìí wẹ́wẹ́ kí wọ́n sì tẹ́ ẹ bí ẹní, èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní máàtì. Wọ́n sì lè hun ún bí ìgbà tí a hun aṣọ òfì. Òwú yìí nìkan kò lè dúró. Ó rọ̀ bí aṣọ. Ohun kejì ni rẹ́sìnì, oje tí ń ṣàn bí oyin, tí ó máa ń dì di ohun líle. Rẹ́sìnì nìkan pẹ̀lú kò wúlò, nítorí pé bí ó bá ti dì tán, fífọ́ ni yóò máa fọ́. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni agbára dé, gẹ́gẹ́ bí irin ti ń ṣe nínú kankéré. Ọdún 1953 ni ilé-iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà gbé Corvette jáde, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà. 300 péré ni wọ́n ṣe ní ọdún náà. Ní Ìlà Oòrùn Jámánì, láti 1957 títí di 1991, ọkọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Trabant. Òwú gidi, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń ran, ni wọ́n pò mọ́ oje tí ó yàtọ̀ díẹ̀ láti fi ṣe ara tirẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, ni ó yẹ kí á rántí. Bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ìbòtáyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá jẹ ọ̀kan, a lè tú u, kí á sì de èyí tí a fi fáíbà mọ sí ipò rẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tí ó fẹ́ dá iṣẹ́ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Èmi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, ibi kan wà tí ó dùn mọ́ mi púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ara ọkọ̀ bá jẹ́ irin, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni pánẹ́ẹ̀bítà ń lò: ó lù ú, ó nà án, ó tẹ̀ ẹ́, wẹ́dà sì jó o pọ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ fáíbà, òòlù kò wúlò mọ́, nítorí pé bí a bá lu fáíbà, fífọ́ ni yóò fọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà yí padà pẹ̀lú: ó pò ó, ó tẹ́ ẹ, ó rẹ ẹ́, ó mọ ọ́n, ó sì dúró kí ó dì. Ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò nìyí, ọ̀rọ̀ aláró àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kọ. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin ní abẹ́ Ògún ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti inú iṣẹ́ àwọn obìnrin wá, kò sì sí ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni à á bá a pè é. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984 ni ìwé Èdè Ìperí Yorùbá jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun rere ni àwọn méjèèjì. Ìbéèrè mi ni pé ta ni yóò lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀ kí ó tó di pé "dè é" gba ipò "gán" pátápátá? Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdí iṣẹ́.

Kí á tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kí á mọ ohun tí a fẹ́ tún ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́ńpà tí a ń rí lónìí kì í ṣe fáíbà rárá; rọ́bà ni wọ́n, rẹ́sìnì kì í sì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù owó wọn nìyí: wọn yóò fi fáíbà lẹ bọ́ńpà rọ́bà, yóò sì ṣí kúrò ní odindi bí èépá lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáíbà, ẹ óò rí òwú nínú rẹ̀, yóò sì rí kúkùrùkúkúrú. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, inú rẹ̀ yóò máa dán, a sì sábà máa ń rí lẹ́tà PP tí wọ́n tẹ̀ sí i. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gé èérún kékeré láti ibi tí kò hàn, kí ẹ jù ú sínú omi: PP yóò léfòó, fáíbà yóò rì. Tàbí kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án ní ẹ̀yìn. Rọ́bà yóò yọ́, fáíbà kò ní yọ́. Ti rọ́bà, irin gbígbóná ni a fi ń yọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀, a sì lè ri àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ ní ẹ̀yìn. Bí ó bá ṣe rọ́bà ni tiyín, ẹ má wulẹ̀ ra rẹ́sìnì.

Ó wá kù sí ohun tí ó jẹ́ fáíbà ní tòótọ́. Ẹ̀yìn ni a ti ń tún un ṣe, kì í ṣe ojú. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá da pọ́tì lé ojú sísán láti ìta kò tún nǹkan kan ṣe. Ó kàn kun àtíkè lé ojú ọgbẹ́ ni. Ẹ tú ara ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí ó bá ṣeé tú, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òróró àti ẹrẹ̀ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, nítorí pé ọ̀tá rẹ́sìnì ni omi. Ní ìparí ìlà sísán kọ̀ọ̀kan, ẹ lu ihò kékeré kan tí kò ju mílímítà mẹ́ta lọ. Ihò yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń gán igbá: òun ni yóò dá sísán náà dúró kí ó má baà rìn síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńdípépà nọ́ńbà 40 tàbí 80 ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí gbogbo dídán yóò fi kúrò, kí ẹ sì hà á kọjá etí ọgbẹ́ náà ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ ní gbogbo àyíká. Ẹ jẹ́ kí hàhá náà dàgẹ̀rẹ̀ bí etí àwo, kí ó jinlẹ̀ ní ẹnu ọgbẹ́, kí ó sì fúyẹ́ bí ó ti ń jìnnà sí i. Èmi a máa wí pé bí iṣẹ́ yìí bá gba wákàtí mẹ́ta, kí híha gba méjì níbẹ̀. Rẹ́sìnì kì í di ojú dídán mú; ojú tí a ti ha ni ó ń rọ̀ mọ́. Àìnísùúrù níbi híha ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣe ìṣirò, kí ẹnikẹ́ni má baà pò ó bí ẹni po ọ̀gì. Ká ní ihò kan wà tí ó fẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà lọ́tùn-ún lósì. Bí a bá fi etí kún un, máàtì tí a óò gé yóò tó 30 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà méjèèjì. Máàtì tí ó wọ́pọ̀ ń wọn 450 gíráàmù ní mítà kan lóròó àti níbùú. Bí a bá tẹ́ ìpele mẹ́rin, òwú tí a lò jẹ́ nǹkan bí 160 gíráàmù. Rẹ́sìnì tí irú máàtì yìí ń mu tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ìwúwo rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 400 gíráàmù. Ohun tí ń mú kí rẹ́sìnì dì ni omi kan tí a ń pè ní kátálíìsì. Gíráàmù kan sí méjì ni à ń fi sí 100 gíráàmù rẹ́sìnì. Ní àkókò ooru wa, ọ̀kan tó. Nítorí náà gíráàmù mẹ́rin péré ni 400 gíráàmù nílò. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni ẹ óò fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìdérí ìgò. Ẹ má sì po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ po 100 gíráàmù, ẹ lò ó tán, kí ẹ tó po òmíràn, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ni yóò ti máa dì.

Mo lo ọ̀rọ̀ náà "dì", n kò sì wí pé "gbẹ". Aṣọ ni ń gbẹ lórí okùn. Omi ni ó ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Rẹ́sìnì kì í dúró de oòrùn tàbí afẹ́fẹ́. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ń so pọ̀, bí ó sì ti ń so pọ̀ ni ooru ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ tutù kí ó tó dì. Rẹ́sìnì gbóná kí ó tó dì. Ìdí nìyí tí ife tí ó kún fún un fi lè gbóná títí yóò fi rú èéfín, nígbà tí èyí tí a tẹ́ pẹlẹbẹ sórí iṣẹ́ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ "gbẹ" àti "dì" kò ní fi kátálíìsì kún un nítorí pé òjò ṣú. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣiṣẹ́. Ọ̀sán gangan ní oṣù Ẹrẹ́nà, yóò dì mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní títẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun rẹ́sìnì sí ibi tí ẹ ti ha, kí ẹ tẹ́ máàtì lé e, kí ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì náà gún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí funfun rẹ̀ yóò fi parẹ́. Ẹ má fi í nù ún bí ẹni kun ilé, nítorí pé òwú yóò fà. Níbi tí ẹ bá ti rí funfun, òwú ibẹ̀ kò tíì mu. Níbi tí ẹ bá ti rí ohun tí ó wú bí èéléèéló, afẹ́fẹ́ ni ó há síbẹ̀, ẹ tì í jáde. Kí ìpele kejì fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrin. Bí ihò náà bá là já pátápátá, ẹ lẹ páálí tí ẹ fi nylon wé mọ́ iwájú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí rẹ́sìnì lè rí ohun fi ẹ̀yìn tì. Nylon kì í jẹ́ kí ó lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Mo ti ṣe ìlérí láti sọ̀rọ̀ ewu, n kò sì fẹ́ sáré kọjá rẹ̀. Òórùn tí ń jáde lára rẹ́sìnì kì í ṣe òórùn lásán. Ó ń fa orí fífọ́ àti òòyì, ó sì lè gbiná. Gbangba ìta ni kí á ti máa lò ó, kì í ṣe inú yàrá, kì í ṣe ẹ̀bá ààrò tàbí ẹni tí ń mu sìgá. Eruku tí ń jáde nígbà tí a bá ń ha fáíbà jẹ́ èérún dígí. Aṣọ kékeré tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń so mọ́ imú kò tó. Ìbòmú gidi tí ń sẹ́ eruku, aṣọ alápá gígùn àti awò ojú ni ó yẹ. Bí a bá bu omi sí sáńdípépà, eruku náà yóò dín kù púpọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ara, kí ẹ má fi aṣọ nù ún, kí èérún má baà gún ara wọlé.

Ṣùgbọ́n kátálíìsì ni olórí ewu. Omi mímọ́ gaara ni, ó sì dà bí omi lásán lójú. Bí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú náà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, omi ni, lójú ẹsẹ̀, omi púpọ̀ tí ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí á tó gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Kí á má dúró wá òróró tàbí àgbo. Àwọn tí ń tà á lẹ́bùlẹ́bù ní ọjà a máa dà á sínú ìgò omi tí a ti mu. Mo kórìíra àṣà yìí dé ibi tí n kò fi lè sọ ọ́ tán lórí ètò. Ọmọ tí ó bá ti ilé-ìwé dé pẹ̀lú òǹgbẹ yóò gbé ìgò náà sẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wọ ilé, kí ó yí i padà sínú ohun mìíràn tí kò jọ ohun mímu, tí kì í sì í ṣe irin, kí ó kọ ọ́ sí i ní Yorùbá gàdàgbà pé májèlé ni, kí ó sì tì í mọ́ ibi tí oòrùn kò dé. Ohun kan tún kù. Àwọn rẹ́sìnì kan wà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú omi kẹta, aláwọ̀ àlùkò, tí à ń pè ní àkẹ́sẹ́lérétọ̀. Inú rẹ́sìnì ni kí á kọ́kọ́ po ìyẹn sí dáadáa, kí á tó fi kátálíìsì sí i. Bí omi méjèèjì yìí bá fi ara kan ara wọn láìsí rẹ́sìnì láàárín, wọ́n lè bú gbàmù. Mo rọ̀ yín kí ẹ ra rẹ́sìnì tí wọ́n ti po tirẹ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé bí apá kan bá ti sọnù pátápátá ńkọ́, tàbí bí a bá fẹ́ yí ìrísí rẹ̀ padà. Iṣẹ́ amọ̀kòkò ni ó kàn. A óò wá ọkọ̀ mìíràn tí irú ara bẹ́ẹ̀ wà lódindi lára rẹ̀, a óò bẹ olówó rẹ̀, a óò kun ìda sí i ní ìgbà mẹ́rin márùn-ún, tí a óò máa nù ún kí ó dán, a óò sì tẹ́ máàtì àti rẹ́sìnì lé e. Bí ó bá ti dì, a óò fi èèkàn igi pẹlẹbẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀. Irin yóò ha ara ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ohun tí ó jáde yìí ni mọ́ọ̀dù. Inú mọ́ọ̀dù ni a óò ti kun ìda, tí a óò sì mọ ara tuntun náà. Ẹ rántí pé ìbòtáyà ọ̀tún kò lè bá òsì mu. Àwọn tí ó ti gbàgbé èyí kò kéré. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìrísí tuntun lè fi amọ̀ tàbí igi gbẹ́ ẹ ná, kí ó sì mọ fáíbà lé e. Kí ó kàn ṣọ́ra pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ẹnu tí yóò gbà jáde lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò há sínú mọ́ọ̀dù bí ọwọ́ ọ̀bọ nínú akèrègbè.

Ààlà wà fún ohun tí a lè ṣe ní ilé. Ìbòtáyà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, etí bọ́ńpà, ó tọ́. Ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́, ibi tí ilẹ̀kùn ti ń mì, irin tí ó gbé ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ró, ẹ jọ̀wọ́, fáíbà kì í ṣe ti ibẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé bọ́ńpà tí a ń rí jẹ́ aṣọ. Irin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń gba ìkọlù. Bí irin náà bá ti wọ́, aṣọ tuntun kò lè gba ẹnikẹ́ni là lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí ìdí kan náà, ẹni tí ó bá ń lọ ra tòkunbọ̀ onírin, kí ó mú òòfà kékeré kan dání, kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kí ó sì máa fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Níbi tí òòfà kò bá ti mú, fáíbà tàbí pọ́tì ni ó wà lábẹ́ ọ̀dà. Bí ó bá jẹ́ orí ìbòtáyà, ẹ dúnàádúrà. Bí ó bá jẹ́ ìdí ìjókòó tàbí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Ó ku fínífíní. Ní ọjọ́ kejì, bí ojú iṣẹ́ bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò dì. Afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí òkè pátápátá rẹ̀ le. Ẹ fi asetóònù díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì ha á. Ìgbà yìí ni pọ́tì tó wúlò, ní ìta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti dí kòtò kéékèèké nìkan. Láti sáńdípépà nọ́ńbà 80 ẹ lọ sí 120, sí 240, kí ẹ sì fi 400 pẹ̀lú omi parí rẹ̀. Ẹ gbé e sí oòrùn fún ọjọ́ kan kí ẹ tó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, nítorí pé fáíbà tí kò tíì gan tán lè súnkì lábẹ́ ọ̀dà, ìlà máàtì yóò sì yọ síta. Rẹ́sìnì tí ó ṣẹ́kù sínú ife, ẹ gbé e sórí iyanrìn ní gbangba títí yóò fi dì tí yóò sì tutù, kí ẹ tó dà á nù. Àkísà tí ẹ fi asetóònù nù, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìta kí ó gbẹ, ẹ má ṣù ú jọ sínú garawa ìdọ̀tí.